Ẹ Wo Nọ́ńbà Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó: Bí A Ṣe Ń Yan Ìwé fún Ìdánwò A+

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nílùú Ìlọrin, yálà ní Challenge, ní Taiwo tàbí ní Tanke, tó wá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí A+, tó ń fi hàn pé èèyàn mọ iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé á wá ìwé tó nípọn jù lọ lórí àtẹ, tàbí kó gba PDF lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò. Kí ẹ tó wo bí ìwé ṣe nípọn tó, ẹ wo nọ́ńbà ìdánwò tí wọ́n kọ sí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ CompTIA ti Amẹ́ríkà ló ni ìdánwò yìí. Ìdánwò méjì ni, Core 1 (hardware àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì) àti Core 2 (sọ́fítíwià àti ààbò). Èèyàn gbọ́dọ̀ yege nínú méjèèjì kó tó gba ìwé ẹ̀rí, ọdún 3 ni ìwé ẹ̀rí náà sì máa ń lò. Ní bíi ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń pààrọ̀ àwọn ìbéèrè, tí wọ́n á sì fún ìdánwò ní nọ́ńbà tuntun. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2025 ni 220-1201 fún Core 1 àti 220-1202 fún Core 2. Àwọn tó ṣáájú wọn, 220-1101 àti 220-1102, ti kógbá sílé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 kan náà. Bí ẹ bá rí ìwé tí wọ́n kọ 901 tàbí 1001 sí, ẹ dá a padà sórí àtẹ, bó ti wù kó pọ́nlé tó. Ẹ ò sì lè fi 1101 tí ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀ pọ̀ mọ́ 1202: nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìran kan náà.

Ṣé ìwé 1101 tí ẹnì kan fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ wá di pàǹtírí ni? Rárá. Ọ̀rọ̀ RAM, okùn waya, printer àti power supply inú rẹ̀ kò tíì yàtọ̀ púpọ̀. Ẹ fi máa ka ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi owó yín rà á, ẹ má sì gbára lé e fún Core 2, nítorí pé àwọn nǹkan wọlé síbẹ̀ tí kò sí nínú 1102, irú bíi òye ìpìlẹ̀ nípa AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá).

Ìwé tó yẹ kó kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe títà rárá. CompTIA fúnra rẹ̀ gbé e sórí wẹ́ẹ̀bù rẹ̀: Exam Objectives ni wọ́n ń pè é, PDF ni, ọ̀kan fún Core 1, ọ̀kan fún Core 2. Àwọn àkòrí tí wọ́n ti ń mú ìbéèrè ló wà níbẹ̀, títí kan àwọn ìkékúrú ọ̀rọ̀ tí wọ́n tò sẹ́yìn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní business centre tó bá sún mọ́ yín, kí ẹ sì mú un dání lọ ra ìwé. Lórí rẹ̀ ni ẹ ó ti rí bí wọ́n ṣe pín ìbéèrè. Nínú 1201, títún ẹ̀rọ àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ló ní 28%, hardware ní 25%, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní 23%, fóònù àti laptop ní 13%, virtualization (fífi ẹ̀rọ kan ṣe bíi ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ) àti cloud ní 11%. Nínú 1202, Windows àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 28%, ààbò ní 28%, títún sọ́fítíwià ṣe ní 23%, ìlànà iṣẹ́ sì ní 21%. Ẹ wá ṣí ibi tí ìwé náà to àkòrí rẹ̀ sí. Bó bá ya ojú ewé ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún ìtàn bí kọ̀ǹpútà ṣe bẹ̀rẹ̀, tó wá fi ojú ewé mẹ́wàá sáré kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kì í ṣe ìdánwò yìí ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Ibi tí ìwé dáadáa ti ń hàn

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé. Ẹ dúró níbi àtẹ, ẹ ṣí i sí ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa printer laser, ẹ kà á. Kò sí ibòmíràn tó tètè ń tú àṣírí ìwé tó bẹ́ẹ̀. Ìgbésẹ̀ méje ló wà níbẹ̀, bí wọ́n sì ṣe tẹ̀ léra ni wọ́n máa ń béèrè wọn: processing, charging, exposing, developing, transferring, fusing, cleaning. Ìwé tó kàn ka orúkọ wọn sílẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan. Ó yẹ kó sọ fún yín pé ní processing, printer á kọ́kọ́ múra ojú ewé náà sílẹ̀. Pé ní charging, printer á fi iná bo ara drum, ìyẹn róólà tó ń gba àwòrán ojú ewé, látòkè délẹ̀. Pé ní exposing, ìtànṣán laser á mú iná yẹn kúrò níbi tí lẹ́tà máa wà. Pé ní developing, toner, ìyẹn ìyẹ̀fun tí printer fi ń kọ̀wé, á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ nìkan. Pé ní transferring, toner á kúrò lára drum bọ́ sórí bébà. Pé ní fusing, ooru àti ìtẹ̀ á yọ́ ọ mọ́ bébà. Lẹ́yìn náà ni printer á nu ohun tó ṣẹ́ kù kúrò lára drum.

Ìwé tó péye á wá so ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ àrùn tirẹ̀. Bí lẹ́tà bá ń ra mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ tí bébà bá jáde, fuser, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ṣe fusing, ni kò gbóná tó. Bí òjìji lẹ́tà tòkè bá tún ń hàn nísàlẹ̀, drum kò mọ́ tàbí ó ti gbó. Bí bébà bá dúdú kirikiri látòkè délẹ̀, charging ló kọṣẹ́, torí toner ti lẹ̀ mọ́ ibi gbogbo. Bó bá funfun báláú, ẹ wò ó bóyá toner ti tán, bóyá wọn ò fa ọ̀rá ìdí toner tuntun yọ, tàbí bóyá transferring ni kò ṣiṣẹ́. Bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá ń wá lójú kan náà lórí gbogbo bébà, nǹkan ti ha drum. Ẹni tó ka irú ìwé yìí á dáhùn ìbéèrè, á sì tún tún printer oníbàárà ṣe ní ọjọ́ kejì.

Ibi kejì tí ẹ ó ṣí ni ìgbésẹ̀ mẹ́fà tí CompTIA fi ń wá ìdí tí ẹ̀rọ fi bàjẹ́: ẹ mọ ìṣòro náà, ẹ fojú inú wo ohun tó lè fà á, ẹ dán an wò bóyá òótọ́ ni, ẹ ṣètò àtúnṣe kí ẹ sì ṣe é, ẹ rí i pé gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kí ẹ sì dènà kó má tún ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀. Ibí yìí gan-an ni àwọn tí ọwọ́ wọn já fáfá nínú iṣẹ́ ti ń pàdánù máàkì. Ní ṣọ́ọ̀bù, bí laptop ò bá ti tan, RAM la máa ń kọ́kọ́ yọ. Nínú ìdánwò, ẹ kọ́kọ́ máa bi oníbàárà pé kí ló yí padà lára ẹ̀rọ náà, ẹ ó sì kó fáìlì rẹ̀ pamọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìwé tó bá ń fi “kí ló kàn?” béèrè, tó sì ń ṣàlàyé ìdí tí ìgbésẹ̀ kan fi ṣáájú èkejì, ẹ rà á. Bákan náà ló rí fún yíyọ fáírọ́ọ̀sì nínú Core 2: yíya ẹ̀rọ náà sọ́tọ̀ kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti pípa System Restore (ohun tí Windows fi ń dá ẹ̀rọ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀) ló ń ṣáájú scan, torí pé fáírọ́ọ̀sì lè sá pamọ́ sínú restore point, ẹ̀dà tí System Restore tọ́jú, kó sì tún padà wá.

Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè tó pọ̀ jù lọ nínú ìdánwò kọ̀ọ̀kan kì í ju 90 lọ, ìṣẹ́jú 90 sì ni wọ́n fún yín. Máàkì 675 ni wọ́n fi ń yege nínú Core 1, 700 nínú Core 2, lórí òṣùwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní 100 tó parí sí 900. 675 kì í ṣe 67.5% o, òṣùwọ̀n náà kì í ṣe ìdá ọgọ́rùn-ún, ẹ má fi ṣírò. Lára ìbéèrè wọ̀nyí ni èyí tí wọn ò ní ní kí ẹ mú A tàbí B, iṣẹ́ gidi ni wọ́n á gbé síwájú yín: ẹ so waya mọ́ ihò tó tọ́, ẹ tẹ àṣẹ sójú skríìnì, ẹ ṣètò router. Ìwájú ni wọ́n sábà máa ń kó wọn sí, wọ́n sì ń jẹ àkókò. Bí wọ́n bá le, ẹ sàmì sí wọn, ẹ bọ́ sórí èyí tó kàn, kí ẹ padà wá. Ìwé tí kò ní irú ìbéèrè yìí rárá kò lè dá tó.

Ẹ wo ẹ̀yìn ìbéèrè. Bó bá jẹ́ “1. C, 2. A” ló wà níbẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Ìdáhùn tó ń kọ́ni ni èyí tó sọ ìdí tí C fi tọ́ àti ìdí tí A, B àti D fi kùnà. Ẹ tún ka mẹ́ta lára wọn tí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ìwé bá ṣi èyí tí ẹ mọ̀ dájú, pé port 3389 ni ti Remote Desktop, tàbí pé nọ́ńbà IP tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254 túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà ò rí DHCP tó ń pín nọ́ńbà náà, kí lẹ ó fi gbà á gbọ́ lórí èyí tí ẹ ò mọ̀?

Àwọn kan ń tà “ìbéèrè gidi” lórí WhatsApp àti Telegram. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí i. Ẹni tó bá lò ó ti ṣẹ̀ sí àdéhùn tó fọwọ́ sí kó tó jókòó, CompTIA sì lè gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ padà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àìmọye ìdáhùn inú rẹ̀ ni kò tọ́.

Fọ́tòkọ́pì, àwọ̀ àti iná Amẹ́ríkà

Fọ́tòkọ́pì dúdú-funfun rọrùn lówó, ṣùgbọ́n ó ń ba ìwé yìí jẹ́ níbi tó ti ṣe pàtàkì jù. T568B, ìyẹn ètò tí a fi ń to waya inú okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bí àpẹẹrẹ, àwọ̀ ni: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, aró, funfun-aró, ewé, funfun-búráùn, búráùn. Lórí fọ́tòkọ́pì, gbogbo rẹ̀ á di eérú. Bí ẹ bá fẹ́ kà lórí fóònù, ẹ ra ẹ̀dà ẹlẹ́ẹ̀tírọ́ọ̀nì tó ní àwọ̀, kí ẹ sì ti gbà á sílẹ̀ kí iná tó lọ.

Ìwé Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù, iná tiwọn sì jẹ́ 120 volt. Tiwa níbí jẹ́ 230. Bí power supply kan bá ní bọ́tìnì pupa ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń yí láàárín 115 àti 230, kó wà lórí 230 ní Kwara ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá tẹ̀ lé àwòrán inú ìwé tí ẹ yí i sí 115, á bú gbàù. Ẹ kọ èyí sí etí ojú ewé yẹn fún ọmọ iṣẹ́ tó máa yá ìwé náà.

Ìwé wo ló bá yín mu?

Akẹ́kọ̀ọ́ Kwara Poly tàbí Federal Poly Ọ̀fà sábà ní ìmọ̀ orí, ọwọ́ ni kò tíì mọ́. Irú wọn ló nílò ìwé tó kún fún àwòrán, pẹ̀lú desktop àlòkù kan tí wọ́n lè tú palẹ̀ kí wọ́n sì tún tò padà. Kí wọ́n fi RAM DDR4 àti DDR5 wéra: méjèèjì ní ẹsẹ̀ 288, ṣùgbọ́n ojú ìgé wọn yàtọ̀, ọ̀kan ò lè wọ ihò èkejì. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kò nílò ìyẹn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ààbò àti ìlànà iṣẹ́ ló máa ń ká a lọ́wọ́ kò, kó wá ìwé tó lágbára níbẹ̀, kó sì fi VirtualBox, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà, ṣe ìdánrawò Windows àti Linux láì ba ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́.

Bówó bá há, ẹ ra ìwé Core 1 nìkan ná, ẹ fi fídíò ọ̀fẹ́ orí YouTube tì í lẹ́yìn, kí ẹ sì ra ti Core 2 lẹ́yìn tí ẹ bá yege. Dọ́là ni wọ́n fi ń san owó ìdánwò, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún Core kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá já, ẹ lè tún un ṣe láì dúró, ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọjọ́ 14 gbọ́dọ̀ kọjá, owó kíkún lẹ ó sì san nígbà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ má kánjú san án. Ẹ dúró títí ẹ ó fi máa gba 85% lórí ìbéèrè tí ẹ ò rí rí, kì í ṣe èyí tí ẹ ti há sórí. Nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Pearson VUE, ilé iṣẹ́ tó ń bá CompTIA ṣètò ìdánwò, orúkọ tí ẹ kọ gbọ́dọ̀ bá ti káàdì ìdánimọ̀ yín mu lẹ́tà sí lẹ́tà.