Kí Ìjọba Tó Yí: Bí Kánsù Yunifásítì Ṣe Lè Múra Sílẹ̀

Ní Oṣù Kẹfà 2023, ìjọba àpapọ̀ tú ìgbìmọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ká, Kánsù àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń darí wọn, sì bá a lọ. Òfin òmìnira yunifásítì ti 2003 sọ pé ọdún mẹ́rin ni Kánsù ń lò, àfi tó bá hàn pé kò mọṣẹ́, tó sì ń ṣe màgòmágó. Síbẹ̀, ó di àárín ọdún 2024 kí wọ́n tó yan òmíràn. Fún bí ọdún kan, yíyan gíwá (vice-chancellor), ìgbéga sí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n, ìbáwí òṣìṣẹ́ àgbà àti ìfọwọ́sí ìṣúná kò ní ẹni tó lè parí wọn nínú ọgbà. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, 29 Oṣù Karùn-ún 2027 sì ń bọ̀, ọjọ́ tí sáà ìjọba tuntun máa bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá àti ní Agodi, ibùjókòó ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Kí Kánsù fi àsọtẹ́lẹ̀ ẹni tó máa wọlé ìbò sílẹ̀ fún àwọn olóṣèlú. Ìbéèrè tó kàn án ni pé: bí òfin bá yí, owó wo ló máa ya, iṣẹ́ ta ni yóò dúró, ta ló máa gbé ìgbésẹ̀, ọjọ́ mélòó ló sì ní?

Òfin tó dá yín sílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí

Ní Ìbàdàn nìkan, oríṣi mẹ́ta ló wà. Yunifásítì Ìbàdàn jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, Ààrẹ ni Visitor rẹ̀, ìyẹn ẹni tí àṣẹ rẹ̀ ga jù lórí ọgbà. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, gómìnà ni Visitor rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ kọ́ ló sì ń jẹ́ lónìí, Abíọ́lá Ajímọ̀bi ni wọ́n fi sọ ọ́. (Ẹni tó bá rò pé àyípadà orúkọ kò ju pátákó ẹnu ọ̀nà lọ, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ ìwé ẹ̀rí àti àwọn tó ń bá báǹkì sọ̀rọ̀.) Lead City ní tirẹ̀ jẹ́ ti aládàáni, àwọn tó ni ilé ló ń pinnu ẹni tó máa jókòó sí Kánsù. Ojú NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Rẹ́jísírà ni akọ̀wé Kánsù. Kí ó tẹ òfin ìdásílẹ̀ àti gbogbo àtúnṣe rẹ̀ jáde, kí ó fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tó fún Visitor, mínísítà tàbí NUC lágbára lórí ọgbà. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú Kánsù gba tirẹ̀ ní ìpàdé àkọ́kọ́. Níbi tí èyí kò bá ti wáyé, “wọ́n ní” ni àwọn ọmọ Kánsù máa fi ń ṣèpinnu lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé. Kí ẹ sì rántí LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́: lẹ́yìn tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní 1991, ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ ni ín títí di Oṣù Kọkànlá 2020 tó di ti Ọ̀yọ́ nìkan. Nígbà tí ẹni méjì tó ni ilé bá ń fa ẹni tó máa sanwó, owó oṣù ló ń kọ́kọ́ dúró.

Ewé ìwé kan fún ọ̀rọ̀ kan

Ẹ yan èèyàn mẹ́rin: rẹ́jísírà, akápò, olórí ètò ẹ̀kọ́ àti agbẹjọ́rò ilé ìwé. Kí wọ́n máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́jọ sí méjìlá, kí ó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àkójọ tó bá tó ogójì, kò sẹ́ni tó ń kà á. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gba ewé kan, ohun méje ni yóò sì wà lórí rẹ̀: kí ni ọ̀rọ̀ náà, ibi tó dé (àhesọ, àbá òfin, òfin tí wọ́n ti fọwọ́ sí, tàbí lẹ́tà tó ti tẹ̀ wá lọ́wọ́), àpò owó tó kàn, iye tó máa gbà lóṣù, àmì tí a máa rí tí a ó fi mọ̀ pé àkókò tó, ẹni tó máa gbé e àti ọjọ́ tí yóò lò.

Ẹ jẹ́ ká kọ ti iná mànàmáná. Ní Oṣù Kẹrin 2024, iye yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A (àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́) fò láti ₦68 sí ₦225. Ká ní ọgbà kan ń jó 1,000,000 yúníìtì lóṣù, mílíọ̀nù 68 náírà di mílíọ̀nù 225. Mílíọ̀nù 157 ló lé lórí ní oṣù kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù méjì lọ́dún. Ìjọba ń san owó oṣù. Owó iná, ọgbà ló ń wá a. Àmì tí ẹ máa kọ sórí ewé náà: ilé iṣẹ́ apínná ti kọ̀wé béèrè fún àfikún. Ìgbésẹ̀: láàárín ọjọ́ 14, olórí ẹ̀ka iṣẹ́ gbé orúkọ gbogbo ilé wá pẹ̀lú mítà rẹ̀, àti èyí tí kò ní mítà. Ibẹ̀ ni owó ti ń jò jù: ṣọ́ọ̀bù, báǹkì àti ilé òṣìṣẹ́ tó ń fa iná ilé ìwé láìsan iye tó ń lò. Láàárín ọjọ́ 30, gbogbo wọn ní mítà tiwọn. Kí akápò sì ti ya owó iná oṣù méjì sọ́tọ̀ ṣáájú, nínú àpò tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ ìṣúná Kánsù fọwọ́ sí i.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣì jẹ́ àbá ni ẹnu ń ràn án. Àbá òfin owó orí tó dé ilé aṣòfin ní Oṣù Kẹwàá 2024 fẹ́ kí owó TETFund, àpò ìjọba tó ń kọ́lé fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, dópin tó bá di 2030. Ariwo ta. Nínú òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní Oṣù Kẹfà 2025, ìdajì owó ìdàgbàsókè 4% tí ilé iṣẹ́ ń san ni TETFund ń gbà. Nítorí náà, gbàrà tí àbá bá ti jáde, ẹ kọ ìwé ojú méjì tàbí mẹ́ta sí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin kí wọ́n tó ṣe ìpàdé gbangba. Ẹ má kọ “ẹ̀kọ́ ṣe pàtàkì” síbẹ̀, gbogbo ayé ló ń kọ ọ́. Ilé tí TETFund kọ́ lọ́gbà yín ni kí ẹ kọ, èyí tó dé orí òrùlé, àti iye ọmọ tí kò ní rí yàrá jókòó bí owó bá dúró.

Bí wọ́n bá tú Kánsù ká lọ́la ńkọ́?

Abala yìí ni ọ̀pọ̀ Kánsù ń fò, òun ló sì ń dunni jù. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà kan kọ́ sí ọ́fíìsì Kánsù, kí ẹ kọ ọjọ́ mẹ́rin sí i: ìparí sáà Kánsù, ìparí sáà gíwá, ọjọ́ ìdìbò, àti 29 Oṣù Karùn-ún. Ọdún márùn-ún ni gíwá ìjọba àpapọ̀ ń lò, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Adelé kò sì gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ lábẹ́ òfin 2003. Síbẹ̀, Yunifásítì Ìbàdàn lo adelé láti Oṣù Kejìlá 2020 títí di Oṣù Kẹwàá 2021, nígbà tí ọ̀rọ̀ yíyan gíwá di àríyànjiyàn. Bí ìparí sáà gíwá bá bọ́ sí ìtòsí ìgbà tí ìjọba ń yí, ẹ tètè polówó ipò náà, kí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti parí kí ẹnikẹ́ni tó búra wọlé.

Ẹ ṣe ìgbéga, ìbáwí àti ìṣúná tó wà nílẹ̀ tán ní ìpàdé tó ṣáájú 29 Oṣù Karùn-ún. Ìpinnu tó bá wúwo, ẹ kọ ọ́ bó ṣe máa rí gan-an, ẹ kà á sókè, kí alága àti rẹ́jísírà fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà kí ẹ tó dìde. Àkọsílẹ̀ ìpàdé tó ń dúró de ìpàdé mìíràn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i ń di ẹjọ́, nítorí ìpàdé mìíràn lè má wáyé, ẹni tí ìgbéga rẹ̀ wà nínú rẹ̀ a sì máa fi ọdún kan wo ojú ọ̀run.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìwé àṣẹ: ohun tí gíwá lè ṣe fúnra rẹ̀ bí Kánsù kò bá sí, iye owó tó lè fọwọ́ sí láìtàpá sí òfin rírajà ìjọba ti 2007, àti ohun tó gbọ́dọ̀ dúró. Àṣẹ tó tú Kánsù ká ní 2023 ní kí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ìgbìmọ̀ gba ọ̀dọ̀ akọ̀wé àgbà ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó wọn. Ẹ ní fáìlì tó ti pé nílẹ̀ fún un: ọ̀rọ̀ náà nínú ojú ìwé kan, òfin tó gbè é, iye owó rẹ̀, ohun tí Sẹ́nétì (ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ nínú ọgbà) sọ. Fáìlì tí ìwé kan bá sọnù nínú rẹ̀ ń padà wá, ìrìn Àbújá a sì di mẹ́ta.

Ìyanṣẹ́lódì àti owó oṣù

Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní 2022 gba oṣù mẹ́jọ, láti 14 Oṣù Kejì sí 14 Oṣù Kẹwàá. Kàlẹ́ńdà ẹ̀kọ́ méjì ni kí Sẹ́nétì máa gbé wá fún Kánsù lọ́dọọdún, ọ̀kan pípé, ọ̀kan tí ọ̀sẹ̀ méjìlá ti lọ nínú rẹ̀. Ní ti owó oṣù, Oṣù Kejìlá 2023 ni ìjọba fọwọ́ sí i pé kí yunifásítì jáde kúrò lórí IPPIS, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ìjọba àpapọ̀ fi ń san owó oṣù. Ohunkóhun tí wọ́n bá tún gbé dé, kí akápò máa tọ́jú ẹ̀dà àkójọ owó oṣù tirẹ̀ lóṣooṣù, pẹ̀lú ìpele àti ọjọ́ ìgbéga oníkálukú.

Ṣọ́ra fún orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú

Ìwé Kánsù ń jò. Bí orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí olùdíje bá wà lórí ewé kan, ọ̀sán ọjọ́ kejì ló máa dé orí WhatsApp, ilé ìwé a sì di ọ̀tá ìjọba kó tó bẹ̀rẹ̀. “Ìjọba tuntun” ni kí ẹ máa kọ. Ọmọ Kánsù tó bá ní káàdì ẹgbẹ́, kó sọ ọ́ síta, kó sì dìde kúrò ní yàrá nígbà tí ẹ bá ń jíròrò ohun tó kan ẹgbẹ́ rẹ̀. Láàárín ọgọ́ta ọjọ́ tí ìjọba bá wọlé, kí alága àti gíwá gbé ìwé ojú méjì lọ kí gómìnà tàbí mínísítà: ohun tí òfin sọ nípa Kánsù, iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́, ohun kan ṣoṣo tí ẹ ń béèrè. Kí wọ́n má gbé ẹ̀bùn dání.

Ní ìpàdé Kánsù kọ̀ọ̀kan, ẹ fún àwọn ewé wọ̀nyí ní ogún ìṣẹ́jú, ṣáájú ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe, nítorí ẹni tó bá dúró de ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe kò ní bá ẹnikẹ́ni lórí ìjókòó. Ewé tí kò bá yí padà fún ọdún méjì, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.