Bí mo ṣe fi rélùwéè àti metro rìn ní Ṣáínà, láti Guangzhou dé Keqiao

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àtìgbà tí mo ti dé làwọn èèyàn mi ní Ọjà Àtàkúnmọ́sà nílé wa ní Iléṣà ti ń bi mí pé báwo ni mo ṣe dá rìn ní Ṣáínà láìgbọ́ èdè wọn, mo ti sọ ọ́ títí ó ti sú ẹnu mi, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lọ lè rí i kà.

Aṣọ ni mò ń tà. Òṣómàáló ni bàbá tó bí bàbá mi, wọ́n á ru aṣọ dé ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n á tà á láwìn, tó bá tó àkókò wọ́n á padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí tó fi máa sanwó, ẹsẹ̀ ni wọ́n dẹ̀ fi ń rìn ín. Àwa ò ní rélùwéè ní Iléṣà, Òṣogbo ló gbà kọjá láyé àtijọ́, èyí tí mo wọ̀ rí kí n tó lọ ò ju ti Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní 2021 lọ, àwọn ará Ṣáínà náà ló bá wa ṣe é. Torí náà ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń lọ ra aṣọ, Guangzhou ni wọ́n ń dúró sí. Àdúgbò Xiaobei la máa ń sùn sí torí àwọn ará Áfíríkà pọ̀ níbẹ̀, a ó wá lọ sí ọjà aṣọ ní Zhongda. Ọjà yẹn dáa o, ṣùgbọ́n mo fẹ́ dé Keqiao, ní ìlú Shaoxing, ní ìpínlẹ̀ Zhejiang, torí ọjà aṣọ ńlá ló wà níbẹ̀, tí ilé-ìtajà pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè rìn tán lọ́sẹ̀ kan lọ. Ibẹ̀ dẹ̀ jìnnà sí Guangzhou gan-an.

Ẹ ti ilé múra o, èyí ṣe pàtàkì. Google ò ṣí pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì tiwọn, WhatsApp náà ò ṣí, WeChat ni wọ́n fi ń pe ara wọn, Amap ni mo fi ń wo ọ̀nà. Alipay ni wọ́n fi ń sanwó fún ohun gbogbo títí kan àgbàdo sísè, èèyàn lè so káàdì Visa tàbí Mastercard mọ́ ọn, mo so káàdì dọ́là mi mọ́ ọn láti Iléṣà torí nọ́ńbà tí báǹkì máa ń fi ránṣẹ́, orí láìnì Nàìjíríà ló ń bọ́ sí. Tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè, 12306 lorúkọ áàpù ìjọba wọn, ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tì yín kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má fi dọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ rìn. Bí orúkọ bá ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tì ni kẹ́ ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, orúkọ bàbá síbi orúkọ bàbá. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú ni wọ́n máa ń ṣí tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ẹ tètè rà á.

Metro, ìyẹn rélùwéè tó ń rìn láàárín ìlú, ò le rárá. Láìnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àti àwọ̀ tiẹ̀, wọ́n dẹ̀ kọ orúkọ ibùdókọ̀ ní ABD sábẹ́ ti Ṣáínà. Owó ẹ̀ ní Guangzhou bẹ̀rẹ̀ láti yuan 2, owó tiwọn nìyẹn, bó bá ṣe jìnnà sí ló ń lé sí i, ẹ ó fi fóònù kan ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá ń wọlé, ẹ ó tún fi kàn án tẹ́ ẹ bá ń jáde, ó tán. Láti Xiaobei lọ sí Zhongda, mo wọ láìnì 5 ibùdókọ̀ kan péré dé Guangzhou Railway Station, mo bọ́ sí láìnì 2 dé Changgang, mo wá bọ́ sí láìnì 8. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni orúkọ ibùdókọ̀ tó gbẹ̀yìn láìnì yẹn, torí òun ni wọ́n kọ síbi tẹ́ ẹ ti máa dúró, tẹ́ ẹ bá wo òdìkejì ẹ ó kàn máa lọ síbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ ni. Gbogbo ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dẹ̀ ti ń ti báàgì gba inú ẹ̀rọ tó ń yẹ inú ẹ̀ wò, ti metro náà, kì í ṣe ti rélùwéè nìkan.

Ibi tó ti dùn mí rèé. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ sí Keqiao, tíkẹ́ẹ̀tì mi sọ pé Guangzhounan. Èmi ò wo ẹ̀yìn orúkọ yẹn, Guangzhou Railway Station tí mo ti ń gbà kọjá láti ọjọ́ yìí ni mo rọra lọ, mo tètè dé, mo jókòó, ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tó ku bí ogójì ìṣẹ́jú tí mi ò rí nọ́ńbà rélùwéè mi lójú pátákó, mo pe bùọ̀dá kan ará Ìbòkun tó gbà mí lálejò, wọ́n ní "Àbúrò, ibo lo wà? Nan ni wọ́n kọ sí i o, gúúsù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ìparí láìnì 2 ni, tètè máa lọ!" Mo sáré pẹ̀lú báàgì méjì. Mo dé Guangzhou Nan, rélùwéè ti lọ ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omijé bọ́ lójú mi. Mo lọ síbi fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, mo fi pásípọ́ọ̀tì àti fóònù han ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀, ó bá mi yí i sí òmíì tó ń lọ lọ́jọ́ yẹn náà, owó mi ò ṣòfò, torí òfin wọn gbà kéèyàn yí i sí ti ọjọ́ kan náà bí ọkọ̀ bá ti lọ.

Torí náà ẹ gba mẹ́rin yìí sórí: Dong ni ìlà-oòrùn, Xi ni ìwọ̀-oòrùn, Nan ni gúúsù, Bei ni àríwá. Ìlú kan lè ní ibùdó rélùwéè mẹ́ta mẹ́rin, tí ọ̀kan á jìnnà sí èkejì bí Iléṣà ṣe jìnnà sí Ifẹ̀.

Wọ́n gba sísọ́ọ̀sì mi níbi ẹ̀rọ báàgì, èyí tí mo fi ń gé sáńpù aṣọ, torí ojú ẹ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, ó dùn mí torí ọwọ́ mi ti mọ́ ọn. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé mọ́, pásípọ́ọ̀tì yín gan-an ni tíkẹ́ẹ̀tì, bí ẹ̀rọ ò bá kà á, ẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà tí èèyàn dúró sí. Wọ́n á ti géètì kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ má dúró ra bisikíìtì. Nọ́ńbà kọ́ọ̀ṣì wà nílẹ̀ níbi tẹ́ ẹ máa dúró sí. Lẹ́tà ìjókòó jẹ́ A, B, C, D, F, kò sí E, A àti F ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Inú ọkọ̀ yẹn tutù minimini. Iná kékeré kan ń kọ bó ṣe ń sáré, mo rí i tó kọjá 300 kìlómítà láàárín wákàtí kan, mo ṣírò ẹ̀ pé Iléṣà sí Òṣogbo ò ní gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́fà méje lọ, mo kàn ń ronú bàbá àgbà àti ẹrù aṣọ lórí wọn. Kọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ní ibi tí omi gbígbóná ti ń jáde lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ará ibẹ̀ fi ń se indomie tiwọn, èmi da gàrí sínú abọ́ mi, mo tẹ ẹ̀bà, mo fi ata díndín àti ẹja gbígbẹ tí mo gbé láti ilé jẹ ẹ́, ìyá àgbà tó jókòó tì mí ń wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fún mi ní ọsàn kan.

Ó lé ní wákàtí mẹ́fà kí n tó dé Hangzhou Dong. Níbẹ̀ mo pààrọ̀ ọkọ̀, mi ò jáde síta rárá, mo kàn tẹ̀ lé àmì, mo wọ òmíì lọ sí Shaoxing Bei, kò tó ìdajì wákàtí. Mo yẹ Bei yẹn wò lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó rà á, torí òun ló wà ní Keqiao, Shaoxing tí kò ní ìrù lẹ́yìn wà láàárín ìlú lọ́hùn-ún. Nígbà tí mò ń padà, metro ni mo wọ̀ láti Keqiao títí dé Hangzhou, torí metro ìlú méjèèjì ti so kọ́ra, ó pẹ́ díẹ̀ ju rélùwéè lọ ṣùgbọ́n kò béèrè kéèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

Mo rí àǹkárá, mo rí sátíìnì, mo rí léèsì tí ojú mi ò rí rí, ẹrù ń bọ̀ lórí omi. Àbúrò mi ọkùnrin ló máa lọ ní ìgbà tó ń bọ̀. Mo ti kọ Dong, Xi, Nan àti Bei yẹn sí ẹ̀yìn páálí kan fún un, mo ní kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìbòrí pásípọ́ọ̀tì ẹ̀, mo dẹ̀ ti ra sísọ́ọ̀sì kékeré fún un ní Ẹrẹ́jà.