Bí Obìnrin Ṣe Lè Dín Ara Kù Bí Jíìnì Rẹ̀ Bá Ń Fà Á Sẹ́yìn

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lè jọ máa jẹ irú oúnjẹ kan náà, kí wọ́n jọ máa rìn láràárọ̀, síbẹ̀ kí ara ẹ̀gbọ́n fọ́n, kí ti àbúrò wà bó ṣe wà. Aráyé á ní àbúrò ń jẹun ní kọ̀rọ̀. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀; ó lè jẹ́ jíìnì, ìyẹn àbùdá tí kálukú jogún lọ́dọ̀ òbí rẹ̀, ló fà á. Nígbà tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Czech fi oúnjẹ tín-ń-tín bọ́ ìbejì 14 (èèyàn 28) tí jíìnì Táyé àti Kẹ́yìndé wọn jẹ́ ọ̀kan náà, obìnrin tó sanra ni gbogbo wọn, ìyàtọ̀ pọ̀ láti ìdílé kan sí èkejì, ṣùgbọ́n bí Táyé ṣe fọ́n ni Kẹ́yìndé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe fọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà, kó yẹ tairọ́ìdì (ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn), nǹkan oṣù àti oògùn tí ẹ ń lò wò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi téèpù aránṣọ wọn ìbàdí yín, láàárín egungun ìhà ìsàlẹ̀ àti egungun ìdí. Fún obìnrin, bó bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 80, ewu àìsàn ti ń pọ̀ sí i.

Inú oúnjẹ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. FTO ni jíìnì tó gbajúmọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ìsanra. Ọdún 2007 ni àṣírí rẹ̀ tú. Nínú àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n yẹ̀ wò, ẹni tó jogún ẹ̀dà tó ń múni sanra lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá fi nǹkan bíi kílò 3 wúwo ju ẹni tí kò jogún rẹ̀ rárá. Kì í ṣe idán o: wọn kì í tètè yó ni. Bí ẹ̀yin náà bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ jù lójú àwo, kí ẹja tàbí ẹ̀wà tẹ̀lé e, kí òkèlè kéré jù. Ẹ bu oúnjẹ ní ilé ìdáná, kí ìkòkò má bá yín jókòó. Bíbù kún un ló ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ rìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ fi gbígbé nǹkan wúwo kún un lẹ́ẹ̀mejì. Ìwádìí ọdún 2011 kan, tó kó àgbàlagbà tó lé ní 200,000 jọ, rí i pé agbára FTO fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù lára àwọn tí kì í jókòó sójú kan.

Ní ti àwọn tó ń ta àyẹ̀wò itọ́, tí wọ́n ní àwọn á sọ oúnjẹ tó bá jíìnì yín mu, ẹ fi owó yẹn ra ẹja. Ní Yunifásítì Stanford, èèyàn 609 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì fún ọdún kan: àwọn kan dín ọ̀rá kù, àwọn yòókù dín ṣítáàṣì àti ṣúgà kù. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2018, àwọn jíìnì tí wọ́n yẹ̀ wò kò lè sọ ọ̀nà tó máa ṣiṣẹ́ jù fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí ẹ lè máa bá lọ fún ọdún kan ni kí ẹ yàn.

Ẹ máa wọn ìbàdí lóṣooṣù, láàárọ̀, kí ẹ tó jẹun. Bí kò bá yí padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ wo ẹlẹ́rìndòdò tí ẹ ń mu láàárín oúnjẹ kí ẹ tó tún fọwọ́ kan òkèlè.