Ilẹ̀ tí mo rà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì láti Lọ́ńdọ̀nù: sọ́fè ló dá mi dúró

Iye tí iléeṣẹ́ tó ta ilẹ̀ fún mi kọ sí ìpolówó wọn kọ́ ni iye tí mo san. Ìgbà tí a fẹnu kò sórí owó ilẹ̀ tán ni wọ́n tó kó ìyókù jáde: owó sọ́fè (wíwọn ilẹ̀), owó ìwé àdéhùn, owó pípín pulọ́ọ̀tì, owó ìdàgbàsókè ẹ́sítéètì. Mo ro ó pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó ilẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí. Kí kọ́bọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo owó náà sínú ìwé kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ẹ bi wọ́n pé mítà mélòó ni pulọ́ọ̀tì wọn. Èyí tí a mọ̀ l'Ékòó, 18 mítà ní 36 ni, ìyẹn sikuéà mítà 648. Àwọn kan ń ta 300 lónìí, wọ́n sì ń pè é ní pulọ́ọ̀tì kan.

Wíwá lọ́yà àti fífi owó ránṣẹ́ kò le. Sọ́fè ni wàhálà.

Ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ púpọ̀ lágbègbè yẹn. Èyí tí wọ́n ti yọ sílẹ̀ fún abúlé, tó sì wà nínú gásẹ́ẹ̀tì (ìwé ìkéde ìjọba), ó ṣe é rà. Èyí tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé lápapọ̀ ṣì ṣe é bẹ ìjọba fún. Èyí tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ pàtó, ẹ sá fún un. Charting ló ń fi ìyàtọ̀ hàn: sọ̀féyọ̀, ẹni tó ń wọn ilẹ̀, yóò gbé kọ́díńéètì igun ilẹ̀ (nọ́ńbà tó ń fi ibi tí igun kọ̀ọ̀kan wà hàn) lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláùsá, wọn yóò sì gbé e ka máàpù ìpínlẹ̀.

Iléeṣẹ́ yìí kọ̀ jálẹ̀ pé àfi tí mo bá sanwó tán kí sọ̀féyọ̀ mi tó tẹ ilẹ̀ náà. Àmì Google Maps ni wọ́n fi ránṣẹ́ dípò. Kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Orí Minna, ètò tí wọ́n fi ń ka kọ́díńéètì ní Nàìjíríà, ni sọ́fè tiwa dúró lé (Zone 31 ni ìpín tí Èkó wà lórí máàpù), WGS84 sì ni ètò tí fóònù ń lò. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé nọ́ńbà ọ̀kan lé èkejì láìyí i padà, ilẹ̀ náà yóò sún ju 80 mítà lọ, bẹ́ẹ̀ pulọ́ọ̀tì kan kò fẹ̀ ju 18 mítà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣàlàyé èyí, àwòrán Google kan náà ni wọ́n tún ń fi ránṣẹ́!

Ohun tó ṣí ọ̀nà ni pé ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ni mo san, lọ́yà mi sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìyókù yóò dúró de èsì charting. Sọ̀féyọ̀ tèmi, kì í ṣe tiwọn, ló fi GPS gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ilẹ̀ gan-an, torí ìwé ilẹ̀ ibòmíràn ni wọ́n lè gbé fún un. Igun méjì bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀. Wọ́n pààrọ̀ pulọ́ọ̀tì fún mi láìjiyàn, a tún charting tuntun ṣe, ó mọ́. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn gidigidi.

Bó bá jẹ́ ẹbí ló ń tà á, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ni kí ó fọwọ́ sí i. Ọmọ ẹbí tó tà lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni títà rẹ̀. Olórí ẹbí tó dá tà láìsí àwọn àgbà, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Ẹ tún fi owó àṣẹ gómìnà lórí títà ilẹ̀ sínú ìṣirò, torí ìpín 22 nínú Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 béèrè fún àṣẹ náà. Aṣojú yín nílé, iwájú nótárì (òṣìṣẹ́ òfin tó ń jẹ́rìí sí ìfọwọ́sí) ni kí ẹ ti fọwọ́ sí ìwé tí ẹ fún un, kí ìwé náà sì sọ pé kò lágbára láti tà.

Kí aṣojú náà ya fídíò ilẹ̀ ní oṣù Kẹfà, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an. Èyí tó gbẹ ní oṣù Kejì lè di àbàtà nígbà náà, owó yanrìn tí wọn yóò fi dí i kò sì sí nínú iye tí iléeṣẹ́ kankan ń kọ.