Ìwé àdéhùn eléyín: ibi tí "indenture" ti wá, àti bí a ṣe ń gé e

Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní apprentice. Ìwé tó so òun àti ọ̀gá rẹ̀ pọ̀ ni indenture. Apprentice ti inú èdè Faransé wá, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "kọ́", gbòǹgbò rẹ̀ ní Látìnì sì ni apprehendere: gbá nǹkan mú. Ẹ rí i pé ó bá apprehend tan, ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá.

Ti indenture ló dùn ún ṣàlàyé jù, torí eyín ló wà nínú rẹ̀. Dens ni Látìnì ń pe eyín. Ẹ má kàn fẹnu sọ ọ́ fún ọmọ kíláàsì, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e.

Ẹ mú abala ìwé A4 kan. Ẹ fi àyè tó fẹ̀ tó ìka méjì sílẹ̀ ní agbedeméjì rẹ̀. Ẹ kọ àdéhùn sókè, kí ẹ tún un kọ sísàlẹ̀ láìyí ọ̀rọ̀ kankan padà: orúkọ ọ̀gá, orúkọ ọmọ iṣẹ́, iṣẹ́ tí yóò kọ́, iye ọdún. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1563 ní kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 7. Wọ́n tún máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́, kò gbọdọ̀ gbéyàwó, kò sì gbọdọ̀ tú àṣírí ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà kan sí àyè àárín, kí ẹ wá fi sísọ́ọ̀sì gé e kọ́lọkọ̀lọ gba inú lẹ́tà rẹ̀ kọjá. Ọ̀gá á mú ìdajì, ọmọ iṣẹ́ á mú ìdajì. Bí aáwọ̀ bá dé, ẹ kan méjèèjì pọ̀: eyín gbọ́dọ̀ wọnú ara wọn, ọ̀rọ̀ àárín gbọ́dọ̀ pé.

Bí ẹ bá gé e gbọọrọ, ẹnikẹ́ni lè yí ayédèrú rẹ̀. Eyín tó dọ́gba bíi ti ayùn náà kò sàn, rúlà lásán ló máa tú u. Ẹ jẹ́ kó rí bí ẹnu ọmọ tó ń pàrọ̀ eyín, òmíràn gùn, òmíràn kúrú. Ìwé tó bá rọ̀ jù, etí rẹ̀ á ya. Awọ ẹran ni wọ́n ń lò nígbà náà.

Nígbà tí ìwé títẹ̀ dé, orí ìwé nìkan ni wọ́n wá ń gé wúruwùru, eyín tí kò bá nǹkan kan mu mọ́. Orúkọ ni kò yí padà.

Ọmọ tó bá sin ọ̀gá rẹ̀ tán ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á fún un ní freedom ẹgbẹ́ oníṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà nìyẹn tí àwọn télọ̀ àti mẹkáníìkì wa ń lò lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe fírídọ̀ọ̀mù.