Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Iná Orí Táǹkì Iyùn Kékeré

Iyùn tí à ń wọ̀ sọ́rùn, egungun lásán ni. Ààyè ni ti inú táǹkì omi iyọ̀: ẹran tó ní ẹnu ni, ó sì gba àwọn ewé omi tín-ín-tín láyè nínú ara rẹ̀. Àwọn ló ń fi ìmọ́lẹ̀ se ṣúgà, tí wọ́n sì ń bù fún un jẹ. Ojú oúnjẹ ni kí ẹ máa fi wo iná tí ẹ fẹ́ rà. Iyùn tí iná bá pa, bí kò bá jẹ́ ebi, àjẹkì ni.

Ṣọ́ọ̀bù ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta gílóòbù ní Panṣẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta, á béèrè èyí tó mọ́lẹ̀ jù, á sì ka wáàtì ara páálí. Wáàtì kò sọ ju iye iná tí gílóòbù ń jẹ lọ. Lúmẹ́ẹ̀nì tí wọ́n fi ń sọ bí gílóòbù ṣe mọ́lẹ̀ tó náà, ojú èèyàn ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ búlúù, láàárín 400 sí 480 nànómítà, ni ewé inú iyùn ń lò jù. Gílóòbù pálọ̀ lè mú yàrá mọ́lẹ̀ kedere, kí ebi sì máa pa iyùn, kí ewé omi máa hù sára gíláàsì.

PAR ni kí ẹ béèrè, ìyẹn iye ìmọ́lẹ̀ tí ewé lè lò, ní ibi tí iyùn jókòó sí gan-an. Àwọn irú iyùn tí wọ́n ń pè ní zoanthid àti mushroom, 50 sí 100 ti tó wọn. Hammer àti torch ń fẹ́ 80 sí 150. Acropora ń fẹ́ 200 sí 350, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sì fi í sílẹ̀ ná. Ẹ má gba nọ́ńbà tí wọ́n wọ̀n lókè omi. Nínú táǹkì 60 × 30 × 36 sẹ̀ǹtímítà, tó ń gba nǹkan bíi lítà 60, ìmọ́lẹ̀ tó dé iyanrìn lè má tó ìdajì èyí tó dé orí òkúta, àwọn igun á sì ṣókùnkùn jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá jẹ́ iná kékeré kan ṣoṣo ló wà láàárín. Ẹ gbé e sókè ní 20 sí 25 sẹ̀ǹtímítà sí ojú omi kó lè tàn kálẹ̀.

Èyí tó ń dùn wá jù ni ti ẹni tó ra iná gidi, tó wá tan án dé 100% lọ́jọ́ kìíní. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ya lu iyùn lójijì, ewé inú rẹ̀ á máa tú ọ́síjìn olóró sí ara ẹni tó gbà á sílé, iyùn á sì lé e jáde. Àwọ̀ rẹ̀ á bá a lọ. Funfun tí ẹ rí yẹn kì í ṣe ẹwà; egungun ló ń hàn láti abẹ́ awọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 30%, kí ẹ máa fi 5% kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Orí iyanrìn ni kí iyùn tuntun kọ́kọ́ wà fún ọjọ́ 10 sí 14 kó tó gun òkúta. Kí ẹ wá máa wò ó. Zoanthid tí ìmọ́lẹ̀ kò tó á na ọrùn gbọọrọ bí ẹni tó ń yọjú lẹ́yìn ògiri. Èyí tó tẹ́ lọ́rùn á jókòó pẹlẹbẹ, á là bí òdòdó. Mushroom tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù fún á ká etí rẹ̀ wọnú. Ẹ má torí ìyẹn gbé e kiri lójoojúmọ́. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ méje.

Ọ̀rọ̀ wá kan NEPA. Àwọn kan so iná táǹkì mọ́ iná ìjọba tààrà: bí wọ́n bá mú un wá láago mọ́kànlá alẹ́, ìgbà yẹn ni ilẹ̀ mọ́ fún iyùn. Wákàtí 8 sí 10 ló ń fẹ́, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Tímà tó ní bátìrì nínú ni kí ẹ rà, torí èyí tí kò ní máa ń dúró bí iná bá lọ. Bí ínfátà yín kò bá sì lágbára, ẹ má fi gbé iná. Páǹpù tó ń ru omi ni kí ẹ fi gbé. Iyùn lè fara da òkùnkùn ọjọ́ méjì. Omi tó dúró sójú kan nínú táǹkì kékeré, láàárín wákàtí díẹ̀ ni ọ́síjìn inú rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ẹja á kú, òkú rẹ̀ á sì ba omi jẹ́ fún iyùn. Ẹ fi sìtábiláísà kún un, kí iná tó dé tagbára-tagbára má baà jó ẹ̀rọ inú LED.

Ooru ńkọ́? Ní Fẹ́búárì àti Màáṣì, nígbà tí oorùn bá ti yan àpáta Abẹ́òkúta gbẹ, omi tó yẹ kó wà ní 24 sí 26°C lè kọjá 29, iyùn sì lè funfun bí iná tilẹ̀ bá a mu. Ẹ má fi gíláàsì dé táǹkì pa, ẹ má sì gbé e sẹ́nu fèrèsé kí oorùn lè ran iná lọ́wọ́. Fáánù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi lè mú un wálẹ̀ ní 2 sí 3°C. Omi á máa gbẹ, iyọ̀ kì í sì í bá a lọ, nítorí náà omi RO, ìyẹn omi tí ẹ̀rọ ti sẹ́ mọ́ tí kò níyọ̀, ni kí ẹ máa fi kún un. Kì í ṣe omi kànga.

Iyọ̀ tó ń ta sára iná náà ń bo ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ pa iná, kó tutù, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí ẹ rẹ sínú omi RO nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá ti pẹ́ tí ẹ ti nù ún gbẹ̀yìn, ẹ dín agbára rẹ̀ kù ní 10% kí ẹ tó tún un tàn, torí ìmọ́lẹ̀ tí iyùn ti pàdánù díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ìṣẹ́jú kan ni yóò fi padà dé.