Eyín méjì-méjì lẹ́nu ọmọ ajá mi: ohun tó yanjú ẹ̀

Ọmọ ajá mi pé oṣù 6 nígbà tí mo rí i pé eyín ajá rẹ̀ lókè, ìyẹn eyín gígùn ṣóńṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, di méjì-méjì. Tuntun wà níwájú, tọmọdé tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ dúró gbọn-in lẹ́yìn rẹ̀. Èérún iyán àti irun há sáàárín wọn, ẹnu rẹ̀ sì ń rùn.

Mo kọ́kọ́ fún un ní eegun kó máa họ. Ọ̀sẹ̀ méjì, kò mì. Mo ń fi ìka mì ín láràárọ̀, ìka mi ló ń gé jẹ. Bàbá kan ládùúgbò wa ní Kábbà ní kí n fi ẹ̀mú fà á yọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀rù tó bà mí! Nígbà tí dókítà ẹran ní Lọ́kọ́jà fi eyín náà hàn mí, gbòǹgbò rẹ̀ gùn ju èyí tí mò ń rí lẹ́nu lọ. Ká ní ó kán sínú ni, ó lè kẹ̀.

Dókítà yẹn ló yanjú ẹ̀. Ajá ò jẹun láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bó ṣe ní kí n ṣe. Ó gún un lábẹ́rẹ́ oorun, ó tú èrìgì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó yọ méjèèjì tòun ti gbòǹgbò. Ẹ̀kọ àti ẹja tí mo ti yọ eegun rẹ̀ ló jẹ fún ọjọ́ 5.

Òórùn ti lọ, eyín tuntun sì ń sún sáyè rẹ̀. Bóyá ti ajá tó ti dàgbà yóò sún bẹ́ẹ̀, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Tí tiyín ò bá tíì pé oṣù 5, ó ṣeé ṣe kí eyín ọmọdé náà jábọ́ fúnra rẹ̀.